Ètò Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Gbé Sórí Sáfà Ìkànnì Ìlú Tàbí Ẹgbẹ́ Yín?

Lóde òní, ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá nìkan ń ní mọ́. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, mọ́sálásí, ilé-kéú, ilé-ìwé, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo wọn ló ń fẹ́ ibi tí wọn yóò máa kó ìròyìn, àwòrán àti ohùn wáàsí sí.

Ẹ jẹ́ ká fi Ìsánlú-Ìsin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìsin, ìpínlẹ̀ Kwara, ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn ọmọ ìlú kan wà nílé, àwọn kan wà ní Ìlọrin, àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, àwọn kan sì ti rékọjá òkun. Ká ní wọ́n kó ìtàn ìlú, orúkọ àwọn tó dáwó fún iṣẹ́ ìlú àti ohùn àwọn àfáà tó ti papòdà sórí ìkànnì kan ṣoṣo. Bí ìkànnì náà bá parẹ́ lọ́jọ́ kan, kò sí ọjà tí wọ́n ti lè lọ ra á padà.

Nígbà tí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ bá dàgbà, tí ẹgbẹ́ sì pinnu láti háyà odidi kọ̀ǹpútà kan fún un, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé: ètò wo la ó gbé sórí rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dáhùn pé èyí tí ọ̀rẹ́ àwọn ń lò ni, tàbí èyí tó dé kẹ́yìn. Ìdáhùn méjèèjì kò tó. Ìbéèrè méjì ló yẹ kó ṣáájú: ọdún mélòó ni àwọn tó ṣe ètò náà yóò fi máa tún ibi tó bá jò lára rẹ̀ ṣe? Ta sì ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa?

Kí ni a ń pè ní sáfà?

Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó wà ní títàn tọ̀sán-tòru, tó ń gbé ojú ìwé ìkànnì fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà háyà rẹ̀, ó sì jọ ọ̀rọ̀ ilé gbígbà. Àkọ́kọ́ dà bí yàrá kan nínú ilé oníyàrá ojúkojú, níbi tí àwọn ayálégbé ti ń pín ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná lò. Ó rọjú, ṣùgbọ́n bí aládùúgbò yín bá ń da omi nù, tiyín á gbẹ. Èkejì dà bí fúláàtì: ẹnu ọ̀nà yín dá dúró, ṣùgbọ́n òrùlé kan náà ló bo gbogbo yín. Ẹ̀kẹta ni odidi ilé, ìyẹn sáfà àdánìkanlò. Gbogbo agbára kọ̀ǹpútà náà, tiyín ni. Ṣùgbọ́n bí òrùlé bá jò, ẹ̀yin ni ẹ ó tún un ṣe.

Ẹ má ṣe rò pé ẹ lè gbé kọ̀ǹpútà náà sínú ilé ẹnì kan ní Ìsánlú-Ìsin, kí ẹ fi jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì kékeré gbé e ró. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ máa ń ba ibi ìkó-nǹkan-pamọ́ inú kọ̀ǹpútà jẹ́. Ilé tí wọ́n kọ́ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ti háyà rẹ̀, yálà l'Ékòó tàbí nílẹ̀ òkèèrè.

Ẹ rántí pé ibi tó wà náà ní ẹ̀jọ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mẹ́rin, ìyẹn WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Báńkì àti iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà fara gbá a. Ẹni tó bá gbé sáfà rẹ̀ sí Yúróòpù nìkan yóò mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lára.

Windows ni tàbí Linux?

Ètò tó jẹ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe ni wọ́n ń pè ní operating system. Òun ló ń pín agbára ẹ̀rọ fún àwọn ètò yòókù, òun ló sì mọ ẹni tó lè wọlé àti ẹni tí kò gbọdọ̀ wọlé. Nínú ìwé yìí, ètò ìpìlẹ̀ ni a ó máa pè é.

Àwọn tó ti mọ Windows lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lè rò pé òun náà ló yẹ lórí sáfà. Microsoft ní Windows Server lóòótọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n owó ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń lò ó, owó náà sì ń pọ̀ sí i bí agbára ẹ̀rọ bá ṣe pọ̀ sí. Bí wọ́n bá fi àwọn irinṣẹ́ Microsoft kọ́ ìkànnì yín, ẹ nílò rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìdí tí ẹgbẹ́ yóò fi máa san owó yẹn lọ́dọọdún.

Linux ni ọ̀pọ̀ ìkànnì lágbàáyé gùn lé. Linus Torvalds, ọmọ orílẹ̀-èdè Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni sì lè yẹ inú rẹ̀ wò. Nítorí pé ó wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, oríṣiríṣi ẹgbẹ́ ló ń dì í ní ọ̀nà tiwọn, bí ìgbà tí alásè mẹ́rin fi ìrẹsì kan náà se oúnjẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń gbọ́ Debian, Ubuntu, AlmaLinux àti Rocky Linux. Àwọn tí wọ́n dì í yìí ló ń ṣe ìlérí iye ọdún tí wọn yóò fi máa tún un ṣe.

Ẹ̀kọ́ tí CentOS kọ́ni

Ìlérí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ilé-iṣẹ́ Red Hat ní Amẹ́ríkà ń ta Linux kan tó lágbára púpọ̀. CentOS jẹ́ àdàkọ rẹ̀ tí wọ́n ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà àwọn tó ń fi sáfà háyà fún ni fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. CentOS 8 jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, gbogbo ènìyàn sì gbà pé yóò máa gba àtúnṣe títí di 2029. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 2020, ìkéde jáde pé yóò parí ní ìparí ọdún 2021. Ọdún mẹ́jọ ló dédé fò lọ nínú ìlérí náà. CentOS 7 tó ṣáájú rẹ̀ wá parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2024.

Kí ni ó túmọ̀ sí kí ètò ìpìlẹ̀ parí? Kì í ṣe pé yóò kú lọ́jọ́ náà. Ìkànnì yóò ṣì máa ṣí, èyí sì ni ewu rẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kò ní fura. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí ihò tuntun lára rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí yóò dí i mọ́. Àwọn agbà wa sọ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ètò tó ti parí jẹ́ ògiri tó lanu sílẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹni tó ń fi sáfà háyà fún yín bá ní CentOS 7 tàbí CentOS 8 ni òun yóò gbé sórí rẹ̀, ẹ sọ fún un pé rárá.

Mẹ́rin tí ẹ lè yàn nínú wọn

Debian ti wà láti 1993. Kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan. Àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn káàkiri ayé ló ń ṣe é. Wọn kì í kánjú, ohun tí wọ́n bá sì gbé jáde máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìpele kọ̀ọ̀kan máa ń rí àtúnṣe ààbò fún bí ọdún 5. Debian 12 jáde ní 2023, Debian 13 sì jáde ní 2025.

Ubuntu jáde ní 2004. Mark Shuttleworth, ọmọ orílẹ̀-èdè South Africa, ló dá a sílẹ̀, láti ara Debian ni wọ́n sì ti mú un. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú èdè àwọn ará gúúsù Áfíríkà, ohun tó sì túmọ̀ sí kò jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí sí ọmọnìkejì. Ẹ ṣọ́ra níbí: oríṣi Ubuntu méjì ló wà. Èyí tó ní LTS lára orúkọ rẹ̀ máa ń jáde ní ọdún méjì-méjì, wọ́n sì ń tún un ṣe fún ọdún 5. Èyí tí kò ní LTS kì í ju oṣù 9 lọ. Ubuntu 24.04 LTS yóò máa rí àtúnṣe títí di 2029. Èyí tí kò ní LTS kò yẹ fún sáfà ìlú.

AlmaLinux àti Rocky Linux jáde ní 2021 láti rọ́pò CentOS. Gregory Kurtzer, ọ̀kan lára àwọn tó dá CentOS sílẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ Rocky, ó sì fi orúkọ akẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti kú sọ ọ́. Àwọn méjèèjì máa ń gba àtúnṣe fún ọdún 10. Ìpele 9 tiwọn yóò dé 2032. Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ lo cPanel, ojú ìwé ìdarí tó jẹ́ kí ènìyàn lè fi títẹ bọ́tìnì ṣe iṣẹ́ sáfà, AlmaLinux bá a mu. cPanel kì í ṣiṣẹ́ lórí Debian. Ẹ tún rántí pé owó oṣooṣù ni wọ́n ń san fún cPanel, kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èwo ló dára jù? Èyí tí ẹni tí ẹ lè pè lórí fóònù mọ̀ ọ́n lò ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ láti orí Ubuntu. Bí ẹ bá ní ọmọ ìlú kan tó kọ́ ọ ní yunifásítì Ìlọrin tàbí ní Landmark ní Òmù-Àrán, ẹ bi í léèrè ohun tó mọ̀ kí ẹ tó yan. Ètò tó dára tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò yàtọ̀ sí mọ́tò tuntun tí kò ní awakọ̀.

Ohun tó dé kẹ́yìn kọ́ ló dára jù

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2024, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Andres Freund, kéde pé òun rí ohun búburú kan nínú ètò kékeré kan tó ń jẹ́ xz, tó wà nínú ọ̀pọ̀ Linux. Ẹnì kan ti fi nǹkan bí ọdún méjì ṣe bí olùrànlọ́wọ́ títí wọ́n fi gbẹ́kẹ̀ lé e, ó wá fi ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ sínú iṣẹ́ náà. Ohun tó ta Freund lólobó ni pé wíwọlé sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Àwọn tó ń lo ìpele ìdánwò, tó tuntun jù, ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìpele Debian tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ jẹ́ kí àwọn mìíràn kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ tuntun wò.

Àwọn ètò tí yóò gùn lé e

Lẹ́yìn ètò ìpìlẹ̀, ohun mẹ́rin ló kù fún ìkànnì ìròyìn.

Àkọ́kọ́ ni ètò tó ń dá àwọn àlejò lóhùn. Méjì ló gbajúmọ̀. Apache ti wà láti 1995, ó sì rọrùn fún ẹni tó ń lo WordPress. Nginx, tí Igor Sysoev ọmọ Rọ́ṣíà gbé jáde ní 2004, lè dá ọ̀pọ̀ àlejò lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ agbára ẹ̀rọ púpọ̀. Bí ìkànnì yín bá jẹ́ irú èyí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń ya lù lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń retí ìkéde oṣù Ramadan, Nginx yóò ràn yín lọ́wọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, Apache tó.

Èkejì ni PHP, èdè tí wọ́n fi kọ WordPress. Òun náà ní ọjọ́ ìparí: PHP 7.4 parí ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń lò ó.

Ẹ̀kẹta ni WordPress fúnra rẹ̀, tó ti wà láti 2003, tí wọ́n fi ń kọ ìròyìn tí wọ́n sì fi ń tò ó. Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì mọ̀ ọ́n. Ibi tó ti ń léwu ni àwọn àfikún, ìyẹn plugin, tí ènìyàn lè so mọ́ ọn. Àfikún kọ̀ọ̀kan jẹ́ fèrèsé kan sí i lára ilé. Bí ẹ kò bá lò ó mọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá. Kí ẹ kàn pa á tì kò tó.

Ẹ̀kẹrin ni àpótí dátà tí gbogbo ọ̀rọ̀ ìkànnì wà nínú rẹ̀, MySQL tàbí MariaDB. Ẹ̀yin tó ń kọ Yorùbá, ẹ fetí sílẹ̀ níbí.

Kí ọ̀rọ̀ Yorùbá má baà di àmì ìbéèrè

Bí wọ́n bá fi ètò àtijọ́ tó ń jẹ́ latin1 ṣe àpótí dátà, ẹ, ọ àti ṣ yóò di àmì ìbéèrè, èdè Lárúbáwá náà kò sì ní ṣe é kà. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe é pé utf8mb4 ni ẹ fẹ́. Láti MySQL 8.0, tó jáde ní 2018, òun gan-an ni wọ́n ń bá nílẹ̀.

Ìṣòro kan ṣì wà lẹ́yìn ìyẹn. Nínú Unicode, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Títò ni kọ̀ǹpútà ń tò ó pọ̀. Fóònù kan lè kọ ẹ kó wá fi àmì òkè lé e. Òmíràn lè kọ é kó wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Ojú yóò rí i bákan náà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì. Ẹni tó bá wá Èsìẹ́ lórí ìkànnì yín lè má rí ìròyìn kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ìròyìn 20 wà níbẹ̀. Ìwé àlàyé MySQL pàápàá dárúkọ Yorùbá, pẹ̀lú èdè Vietnam àti Navajo, lára àwọn èdè tí ìṣòro yìí kàn lórí àwọn ọ̀nà ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ àtijọ́.

Ojútùú rẹ̀ ni pé kí ìkànnì máa sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ìlànà kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, kó tó tọ́jú u. Kí ẹ tó ṣí ìkànnì, ẹ kọ Ìsánlú-Ìsin, Òmù-Àrán, Èsìẹ́ àti ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan láti orí fóònù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ wá wọn lẹ́yìn náà. Bí wọn kò bá jáde, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ẹ ti ilẹ̀kùn

Kì í pẹ́ tí sáfà bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ẹ̀rọ olè yóò ti máa gbìyànjú ọ̀rọ̀ aṣínà lára rẹ̀. Kò dìgbà tí wọ́n bá mọ̀ yín. Nítorí náà:

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọ sáfà. Kọ́kọ́rọ́ SSH ni kí ẹ lò. Ẹ pa gbogbo ẹnu ọ̀nà tí ẹ kò lò. Ẹ jẹ́ kí àtúnṣe ààbò máa wọlé fúnra rẹ̀: unattended-upgrades ló ń ṣe é lórí Debian àti Ubuntu, dnf-automatic ló ń ṣe é lórí AlmaLinux àti Rocky. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ààbò lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ Let's Encrypt. Ọjọ́ 90 ni ìwé ẹ̀rí náà ń lò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ètò Certbot máa tún un gbà fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá ń gba nọ́ńbà fóònù tàbí àkọsílẹ̀ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àmánà ni. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, òfin ààbò dátà Nàìjíríà náà ti dè yín lórí rẹ̀. Ohun tí ẹ kò bá nílò, ẹ má gbà á.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná jó ilé sáfà ilé-iṣẹ́ OVH ní Strasbourg, ilẹ̀ Faransé. Ilé kan jó tán pátápátá. Àwọn ìkànnì tó lé ní mílíọ̀nù 3 ni kò ṣí lọ́jọ́ náà. Àwọn kan padà, àwọn mìíràn pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n ní, nítorí inú ọgbà kan náà ni ẹ̀dà tí wọ́n fi pamọ́ wà.

Kò sí ètò ìpìlẹ̀ tó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ irú iná yẹn. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan lórí sáfà, ọ̀kan lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn ní ìlú mìíràn, ọ̀kan nínú háàdì díìsìkì lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, ẹ fi ọ̀kan nínú wọn tún ìkànnì kọ́ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí ẹ wò ó bóyá yóò ṣí. Ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò dán wò rí, ìrètí lásán ni.

Ta ni yóò máa wò ó?

Àwọn ère òkúta Èsìẹ́ ti wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ti pẹ́ kí wọ́n tó kọ́ musíọ́mù fún wọn ní 1945, tí í ṣe àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Òkúta lè dúró nínú igbó láìsí ẹni tó ń wò ó. Sáfà kò lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ tó sanwó, kí wọ́n kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀ nínú ìwé ìpàdé: orúkọ ènìyàn méjì, kì í ṣe ẹyọ kan, tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ wọn, ọdún tí ètò ìpìlẹ̀ yóò parí, ibi tí àwọn ẹ̀dà wà, àti ẹni tí orúkọ ìkànnì àti owó háyà wà lórúkọ rẹ̀. Ó yẹ kó jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́, kó má jẹ́ ti ọ̀dọ́ kan tó lè bá iṣẹ́ lọ sí Kánádà lọ́la.

Bí ẹ kò bá rí ènìyàn méjì yẹn, ẹ má gba sáfà àdánìkanlò rárá. Ẹ dúró sí yàrá kan nínú ilé ojúkojú, níbi tí onílé ti ń tún òrùlé ṣe fún gbogbo ayálégbé, títí ẹ ó fi rí wọn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ẹ bá sì rí wọn, Debian tàbí Ubuntu LTS fún ẹni tó lè tẹ àṣẹ fúnra rẹ̀, AlmaLinux fún ẹni tó fẹ́ cPanel. Apache, PHP tí kò tíì parí, àpótí dátà tó ní utf8mb4, àfikún díẹ̀, ẹ̀dà mẹ́ta. Ìyẹn tó láti gbé ìkànnì ìlú fún ọdún 5, kí ẹ tó tún jókòó yan òmíràn.